Aṣọ Omi Hàfísátù

Hàfísátù kọ̀, kò mu hàǹtú. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá lọ sí ilé kéwú, hàǹtú ni omi tí a fi ń fọ wàláà lẹ́yìn tí àfáà bá ti kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i lára. Tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ́ á ṣàn sínú omi, àdúrà á bá a ṣàn, ẹni tó bá mu ún ti mu àdúrà sínú nìyẹn. Nínú ilé tiwa, láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Niamey níbí, ọmọ kan kì í lọ ṣe ìdánwò láìmu ún. Ìdrìsù ọmọ mi, bàbá Hàfísátù, mu ún. Èmi Ràhámọ̀tù alára mu ún lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gba ìsọ̀ ní ọjà Grand Marché. Àbí kí ni ẹ rò pé mo fi ń ta aṣọ fún obìnrin tó jẹ́ pé ata ló wá rà?

"Ìyá Àgbà, mi ò mu ún o," ni ọmọ náà wí. Ó ti gbé ọwọ́ bo ẹnu bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ lágbo. "Ẹ rántí ìdánwò bàkì tí mo fi parí girama."

Mo rántí. Ṣé mo lè gbàgbé ni? Àfáà Jàfárù fi oyin sí i lọ́dún náà kó lè dùn lẹ́nu, oyin ọ̀hún sì ti kan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ọmọ mi ti lo ìdajì àkókò ìdánwò ìṣirò.

"Ṣebí o yege?" ni mo bi í.

"Mo yege, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ló gbọ́ ìró mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ni yóò dúró níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì tó wà lódìkejì odò, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun da inú òun rú. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ rẹ̀, yóò wà lára àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ máa fi fọ́n oògùn sí oko jéró. Bí wọn kò bá gbà á, ó parí nìyẹn. Àyè ẹnì kan péré ló ṣẹ́ kù, àwọn mìíràn sì ti na ọrùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ náà bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Omi ló ń gba inú ihò tóóró kan jáde, ihò tó gùn bí ìka ọwọ́, tó sì tín-ín-rín bí ojú abẹ. Omi náà kì í jáde bí okùn. Aṣọ ló ń dà. Á tẹ́ pẹrẹsẹ, á fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn á rí ọwọ́ ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Fáànù á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, aṣọ omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà náà ni yóò wá tan iná mànàmáná sí àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Iná á máa fa omi mọ́ra, aṣọ omi á gbọ̀n jìgìjìgì, á ya, á di fọ́nrán, fọ́nrán náà á já, á di ẹ̀kán kéékèèké bí ìrì.

"Aṣọ tí o hun tán ni o tún fẹ́ fà ya?"

"Yíya rẹ̀ gan-an niṣẹ́, Ìyá Àgbà. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí yóò ya. Bí iná bá kéré, kò níí ya. Bó bá tó ìwọ̀n tí mo ṣírò, á ya. Ẹ̀kán tí iná bá sì bọ́ sí lára máa ń lẹ̀ mọ́ ewé, kì í ṣòfò sílẹ̀."

"Fífọ́n omi sí aṣọ ni wọ́n wá ń kọ́ yín láti ọjọ́ yìí?" Mo bu omi sẹ́nu, mo fẹ́ ẹ jáde, púú! bí a ṣe ń ṣe sí aṣọ bàsán kí á tó lọ̀ ọ́. Ó bà á lójú.

Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀kan náà ni," ó wí, ó ń nu ojú. "Ẹnu yín náà ń hun aṣọ omi kó tó di ẹ̀kán. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán tiyín tóbi, itọ́ sì wà nínú ẹ̀."

Kẹ́ẹ̀gì ńlá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Omi bátìrì ló kún inú ẹ̀, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń rọ sínú bátìrì mọ́tò, torí pé kò sí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀. Ó ti wọn iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ó dé e, ó kọjú sí mi.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi yìí."

Ẹnikẹ́ni, ó wí, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló ń wò. Ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà, ṣé kò ní mọ̀ mí ni?

Ó jáde lọ sí àdúgbò Yantala lọ gba wáyà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi jókòó ti ife hàǹtú tí ẹnikẹ́ni kò mu. Kàfáyá, ọ̀rẹ́ mi tí ìsọ̀ wa fara kanra lọ́jà, wà níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo wo ife, mo wo kẹ́ẹ̀gì. Mo rántí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ọmọ yìí gbìyànjú ẹ̀rọ rẹ̀ wò lágbàlá, aṣọ omi ya níbi tí kò yẹ kó ti ya, ó sì sunkún. Òun ní eruku ló wọ ihò. Eruku kẹ̀? Eruku Niamey ti di ẹbí mi, n kò rí i kó mú ọmọ kan sunkún rí. Ojú ni. Àwọn aládùúgbò tó yọjú lórí ògiri lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ìwọ̀n lọ.

Mo ní, "Kàfáyá, bí ọmọ kò bá mu hàǹtú, ṣé omi fúnra rẹ̀ kò lè mu ún ni?"

"Ìyá Ìdrìsù, ọmọ ní kí a má fọwọ́ kàn án."

"N kò fọwọ́ kàn án. Ife ni mo máa fi kàn án."

"Oò gbọ́ràn sí ìyá tó bí ẹ lẹ́nu, ṣé ọmọ ọmọ ni wàá gbọ́ràn sí lẹ́nu?" Ó tún da ẹ̀pà sẹ́nu. "Sẹ́ ẹ o. Ó dúdú jù."

Mo fi etí gèlè mi sẹ́ ẹ kí ojú rẹ̀ lè mọ́, mo ṣe bísímílàhì, mo rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, mo dé e padà, mo mì í dáadáa. Ìyókù, mo rọ ọ́ sínú ìgò kékeré kan, mo tì í sínú báàgì mi, kí n lè fi wọ́n ẹnu ọ̀nà ibi tí wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọgbọ́n tí mo gbọ́n yìí dùn mọ́ mi débi pé mo jó. Ìdí mi gbá kẹ́ẹ̀gì, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ìbá sàn kó ti ṣubú nígbà náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Kàfáyá wọ takisí kọjá afárá. Hàfísátù ti ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu láti wá. Mo dáhùn pé ó dáa, mo sì wọ bàsán aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n pa ní sítáàṣì tí wọ́n sì fi igi lù títí tó fi le bíi páálí. Bí mo bá mí, á dún ṣàkà. Bí mo bá yí ìdí díẹ̀, á dún ṣàkàṣàkà. Kí a tó kọjá odò, awakọ̀ takisí ti mọ orúkọ ọmọ mi, ó mọ ẹ̀rọ rẹ̀, ó mọ̀ pé èmi ni mo tọ́ ọ. Nígbà tí a wọ inú yàrá náà, mo kí gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èmi ni ìyá àgbà ẹni tó ní aṣọ omi," mo ń wí fún wọn lédè Zarma. Àwọn ọmọ yunifásítì fún wa ní àga iwájú. Hàfísátù rí wa láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó mi orí. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ náà, mo mọ̀.

Àwọn ọ̀gá mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì. Olórí wọn ni Pùròfẹ́sọ̀ Mùhàmmádù, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, Zarma pọ́ńbélé, tí ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ tàfàlà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni obìnrin kan tó wọ ìgò ojú, àti ọkùnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Faransé ni wọ́n ń sọ. Faransé tèmi kò kọjá "èló ni" àti "gbà á bẹ́ẹ̀", nítorí náà Kàfáyá, tó lọ ilé ìwé díẹ̀, ló ń túmọ̀ fún mi létí, ó sì ń tutọ́ ẹ̀pà sí i.

Hàfísátù ṣàlàyé. Ó tú omi kẹ́ẹ̀gì sínú táńkì kékeré tó wà lókè ẹ̀rọ, ó tan fáànù, ó ṣí ẹnu omi.

Aṣọ jáde.

Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń ta aṣọ, n kò rí irú rẹ̀ rí. Kò ní àwọ̀, kò ní etí, ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ lára rẹ̀ bí ọ̀rá. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Kàfáyá. Kí n tó fa ọwọ́ mi padà, ihò kan yọ láàárín aṣọ náà, bí ìgbà tí ikán bá jẹ ẹ́. Ihò náà fẹ̀. Òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo aṣọ omi ya gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ń dà sílẹ̀ wúrúwúrú.

Ọwọ́ Hàfísátù kò tíì kan ibi tí wọ́n ti ń tan iná.

Ó pa á, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nu ihò náà, ó tún un ṣí. Aṣọ jáde, ihò yọ, ó tún ya. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bákan náà ló rí. Òógùn ti ń bọ́ lábẹ́ híjáàbù rẹ̀.

Pùròfẹ́sọ̀ dìde. Ó gba omi díẹ̀ sínú ife dígí, ó gbé e sókè sí fèrèsé. Gbogbo wa la rí i. Ó pọ́n díẹ̀, bíi tíì tí wọ́n fi ewé àná sè.

"Kí lo fi sínú omi?" Zarma ló fi bi í báyìí, n kò nílò ògbufọ̀ mọ́.

"Iyọ̀ nìkan, Ọ̀gá. Ìwọ̀n tí mo sọ fún yín náà ni."

"Iyọ̀ kì í pọ́n." Ó gbé ife kalẹ̀. "Mo ti rí irú èyí rí. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi nǹkan sínú omi kó lè tètè ya, á wá ní iná kékeré tí òun tàn ló ya á. Tìrẹ ló wá burú jù, kò tilẹ̀ dúró de iná."

"Ọ̀gá, n kò fi nǹkan kan sí i."

"Ronú kí o tó dá mi lóhùn."

Ọmọ náà gbé ojú sókè. "Wàláhì tàláhì, omi mi mọ́. Kò sí ohun tó wọ inú rẹ̀."

Mo gbọ́ ìbúra yẹn. Ọmọ tí kì í búra! Èmi tí mo ń búra lórí gbogbo ọ̀pá aṣọ lọ́jà, èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má ṣe é.

Kàfáyá fi ẹnu kàn mí létí. "Ìyá Ìdrìsù."

"Dákẹ́."

"Ìyá Ìdrìsù, ọmọ ti búra o."

"Mo ní kí o dákẹ́, kí n má baà jókòó lé ẹ lórí."

Kí nìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀? Mo ti bi ara mi. Gbogbo àwọn tí mo kí lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń wò mí. Mo ti fẹ́ ara mi bíi fùkẹ̀ láti òwúrọ̀, mo wá rí i bí ìtàn náà yóò ṣe rin ìrìn àjò: arúgbó Yorùbá kan rọ omi wàláà sínú ẹ̀rọ iná. Yóò dé Grand Marché kí n tó dé ibẹ̀. Àwọn oníbàárà yóò máa bi mí bóyá mo ti rọ díẹ̀ sára aṣọ tí mo ń tà. Ìtìjú tèmi ni mo ń rò. Ọmọ mi ń bẹ nínú iná, aṣọ ara mi ni mo ń dáàbò bò.

Mo dìde pé kí n sá. Bẹ́ẹ̀ ni, kí n sá. Ṣùgbọ́n bàsán yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn sá. Ó dún ṣàkàṣàkà, gbogbo ojú yí sí mi, Pùròfẹ́sọ̀ sì rò pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Kàáká," ó wí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí, "ẹ ní ọ̀rọ̀ kan fún wa?"

Ẹnu mi ṣí. Ohun tó jáde ni, "Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí, Ọ̀gá."

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Hàfísátù di ojú.

Mo jáde. Mo fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èyí tó wá burú jù ni pé ìtọ̀ kankan kò tilẹ̀ gbọ̀n mí. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Pùròfẹ́sọ̀, kò gbóná, kò le. Ó ní kí Hàfísátù kó ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò, kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú, pé ẹni tó bá ń purọ́ fún omi lónìí yóò purọ́ fún àgbẹ̀ lọ́la. Mo retí kí ọmọ mi bá a jiyàn. Irin ni mo gbọ́ tó ń kan irin. Ó ti ń tú ẹ̀rọ náà.

Mo wọlé padà. N kò kí ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kejì yìí.

"Ọ̀gá," mo wí, "òótọ́ ni ọmọ yìí sọ. Kò mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú omi. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Obìnrin onígòó ojú sọ nǹkan lédè Faransé. Kàfáyá túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù: "Ó ní irọ́ lò ń pa kí o lè gba ọmọ là."

Ẹ wo ayé! Èmi tí mo ti purọ́ lọ́jà lójoojúmọ́ tí wọ́n sì ń gbà mí gbọ́, ọjọ́ tí mo sọ òótọ́ ni wọ́n ní irọ́ ni.

Pùròfẹ́sọ̀ rọra sọ pé, "Kàáká, gbogbo ìyá àgbà ló lè sọ ohun tí ẹ sọ yìí."

"Gbogbo ìyá àgbà kọ́ ló ní èyí." Mo tú báàgì mi sórí tábìlì wọn. Obì bọ́ síta, orín bọ́ síta, àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan tí mo máa ń fi pamọ́ nítorí ọjọ́ ogbó náà bọ́ síta. Kàfáyá sáré fi ọwọ́ bò ó. Ìgò náà ló bọ́ síta kẹ́yìn.

Pùròfẹ́sọ̀ ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú àwa ọmọ ilé kéwú?

"Ta ló kọ ọ́?"

"Àfáà Jàfárù ní Banifandou."

"Kí ló fi ṣe tàdáwà?"

"Oje igi, oyin díẹ̀, àti dúdú ìdí ìkòkò."

"Ìkòkò wo?"

Ẹ ò rí i, mo rò pé ìtìjú ti tán. "Ìkòkò ọbẹ̀ mi ni. Èmi ni mo gbé e fún un. Mo ní tàdáwà tó bá ti ilé ọmọ wá ni yóò mọ ọmọ."

"Ọ̀rá wà lára ìkòkò náà?"

"Ọ̀gá, ọbẹ̀ mi máa ń ru dà sára ìkòkò. Ìkòkò mi, bí ẹ bá lá ìdí rẹ̀, ẹ ti jẹun nìyẹn."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ mìíràn, n bá ti bá wọn rín in, torí pé ẹ̀rín kì í jìnnà sí mi. Ṣùgbọ́n mo ń wo Hàfísátù. Ó mú irin kan lọ́wọ́, kò gbé e sílẹ̀, kò sì lò ó.

"Ìyá Àgbà." Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wọn, òun tó jẹ́ pé Zarma àti Faransé ló máa ń tètè bọ́ sí i lẹ́nu. "Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo búra?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

Ó mi orí. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹ̀rọ padà.

Pùròfẹ́sọ̀ ní ìjẹ́wọ́ mi kọ́ ni yóò dá ẹjọ́ náà, omi ni. Wọ́n gbé omi mímọ́ wá láti inú yàrá wọn lọ́hùn-ún. Ó ní kí a fọ táńkì. Mo ní èmi ni n ó fọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ yunifásítì nínú bàsán aláwọ̀ ewé, mo ń fi ọṣẹ fọ̀, mo ń fi omi ṣàn án, Hàfísátù dúró lórí mi, ó ń wí pé, "Ẹ tún un ṣàn. Ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún un ṣàn." Ohùn tí mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó wà ní kékeré ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Orúnkún mi ń dún, n kò kígbe.

Ó tú omi mìíràn sínú rẹ̀. Fáànù fẹ́. Aṣọ jáde, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì dúró lódindi. Atẹ́gùn ń mú un gbọ̀n bí aṣọ tí a sá sórí okùn, ṣùgbọ́n kò ya. Hàfísátù tan iná. Ó yí i sókè díẹ̀, kò ya. Ó yí i sókè sí i, gbígbọ̀n náà ń ga. Ó pe ìwọ̀n kan sókè kí ó tó yí i débẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, aṣọ náà fà sọ́tùn-ún, ó fà sósì, ó tín-ín-rín, ó já sí fọ́nrán, fọ́nrán di ìrì, ìrì náà fò lọ sára ewé jéró tó ti so mọ́ iwájú rẹ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ iwájú ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà náà ni Pùròfẹ́sọ̀ mú ìgò mi. Kàfáyá bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, kó má dà sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀." Ó dá a lóhùn pé òun mọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé bàsíà mímọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ kí gbogbo rẹ̀ lè dà síbẹ̀. Ó wá rọ hàǹtú náà sínú táńkì.

Wọ́n pa iná, wọ́n ṣí omi. Mo fẹ́ kó ya, torí pé yíya rẹ̀ ni yóò dá ọmọ mi láre. Síbẹ̀, Ọlọ́run mọ̀, apá kan nínú mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ya. Mo ti gbàdúrà sórí omi náà. Ihò yọ láàárín aṣọ náà, ó fẹ̀, ó ya wálẹ̀ sínú bàsíà. Iná kankan kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ọ̀rá àti dúdú náà ni," Hàfísátù wí, ó dojú kọ àwọn ọ̀gá rẹ̀. "Ibi tí wọ́n bá ti dúró lára aṣọ omi ni ihò ti ń bẹ̀rẹ̀." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni pé ìkòkò ẹlòmíràn ni.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Pùròfẹ́sọ̀ wá ní iṣẹ́ náà dára, pé òun bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí òun pè é. "Ṣùgbọ́n a ní láti sọ nínú ìwé wa ìdí tí ti àkọ́kọ́ fi bàjẹ́. A ó sọ pé ìyá àgbà rẹ ló bà á jẹ́ láìmọ̀ ọ́n."

Mo tẹ orí ba. Ó tọ́ sí mi.

"Rárá, Ọ̀gá," Hàfísátù wí. "Ẹ sọ pé èmi ni. Omi sun ilé mọ́jú, n kò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó tú u. Ká ní mo rọ ọ́ sínú ife dígí bí ẹ ti ṣe, n bá ti rí i. Mo wá búra lórí ohun tí n kò yẹ̀ wò."

"Lọ́jọ́ Ajé ni kí o wá," bàbá náà wí. "A ó fún ọ ní tábìlì iṣẹ́ tìrẹ."

Àwọn ọmọ yunifásítì pàtẹ́wọ́. Kàfáyá pàtẹ́wọ́, ó tiẹ̀ fẹ́ ké igbe ayọ̀. Èmi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, n kò lè kàn wọ́n pọ̀. Ká ní ó bú mi, n bá mọ ibi tí n ó gbà. N bá bú u padà, n bá sunkún, n bá fi ara mi ṣẹ̀fẹ̀ títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò bú mi. Ó gba ẹ̀bi mi, ó so ó mọ́ ara rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Òótọ́ sì wà nínú ohun tó sọ, n kò rí ibi kankan tí mo lè ti gba ẹ̀bi náà padà.

Ó kù kí a gbé omi inú bàsíà lọ dà sídìí igi, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀. Dóńgóyárò kan wà lẹ́yìn ilé náà. Bàsíà ti kún dé etí, ẹnì kan kò lè dá a gbé. Kàfáyá na ọwọ́, ṣùgbọ́n Hàfísátù ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá. Èmi àti Ìyá Àgbà ni."

Ó di etí kan mú, mo di èkejì mú. A jáde sínú oòrùn. Bí mo bá yára, omi á fì sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí òun bá yára, á fì sí ọ̀dọ̀ mi. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan lẹ́nu, nípa àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi lórí tábìlì àwọn ọ̀gá. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo gbé e mì.

"Ẹ má yára, Ìyá Àgbà," ó wí. "Ẹ máa wo ọwọ́ mi."

Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀.